Ìsọ-ayé-dọ̀kan: ohun tó gbé àdìrẹ Ṣáínà dé Ìtòkú

Lọ́dún tó kọjá, mo ya ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta láti wo àdìrẹ tí a fẹ́ fi ṣe aṣọ ẹbí. Ìyá tó ń tajà tú ọ̀kan sílẹ̀ níwájú mi. Búlúù rẹ̀ jinlẹ̀, bátànì rẹ̀ gún régé, kò sí ibì kan tí àwọ̀ ti ta sí ara wọn. Mo yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Aṣọ tí wọ́n rì bọ inú aró kì í rí bẹ́ẹ̀, tinú tẹ̀yìn ni aró máa ń mu. Mo gbé e sí imú, kò rùn sóda tí wọ́n fi ń po aró, kò rùn aró. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni wọ́n ti ṣe èyí?” Ìyá náà kò parọ́ fún mi. Ó ní, “Ọmọ mi, Ṣáínà ni. Èyí tí a fọwọ́ rẹ níbí wà lókè yẹn, àmọ́ owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì tèyí.”

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé wà nínú ìdáhùn yẹn. Globalization ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pè é. Èmi á pè é ní ìsọ-ayé-dọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà lè rò pé ìrẹ́pọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè ló túmọ̀ sí, tàbí pé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ ni pé ìnáwó àti ìdíwọ́ tó wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan àti ibi tí wọ́n ti ń lò ó ti dín kù débi pé aláró Ìtòkú àti ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà ti di alájọpàtẹ, tí wọ́n jọ ń du oníbàárà kan ṣoṣo. Ọjà ń rìn, owó ń rìn, ìmọ̀ àti àwòrán náà ń rìn. Èèyàn ni ìrìn rẹ̀ nira jù. Bátànì àdìrẹ lè dé Ṣáínà láàárín ìṣẹ́jú kan lórí fóònù, ṣùgbọ́n aláró tó ni bátànì yóò tò fún físà, bóyá wọn á fún un, bóyá wọn ò ní fún un.

Kí ló gé ọ̀nà kúrú tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo àpótí irin tí gbogbo wa mọ̀ sí kọ̀ńténà. Láyé àtijọ́, alágbàṣe ló ń fi èjìká ru ẹrù wọ ọkọ̀ ojú omi, àpò kan lẹ́yìn òmíràn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ọkọ̀ sì fi ń dúró ní èbúté. Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Ideal X gbé kọ̀ńténà 58 láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Malcom McLean tó ni iṣẹ́ náà ṣírò rẹ̀, ó rí i pé ẹrù tọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń fi dọ́là 5.86 kó sínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí sẹ́ǹtì 16 lọ mọ́. Láti ìgbà náà, owó tí wọ́n ń gbà gbé ẹrù láti òpin ayé wá lè dín sí èyí tí mọ́tò ń gbà láti Kánò dé Èkó.

Òfin náà ṣe tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè ti ń dín owó ẹnubodè kù díẹ̀díẹ̀ láti 1947, Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, WTO, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1995. Nàìjíríà wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣáínà wọlé ní oṣù kejìlá 2001. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ní àdéhùn kan láti 1974 tó fi òté lé iye aṣọ tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè tà fún wọn. Àdéhùn náà kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí 2005 wọlé. Ilé iṣẹ́ aṣọ Ṣáínà tó ti tóbi tẹ́lẹ̀ wá gbòòrò sí i, aṣọ wọn sì kún gbogbo ọjà.

Títí débí, ó lè dà bíi pé àlejò burúkú kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já lu wa. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ nìyí, nítorí àdìrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìsọ-ayé-dọ̀kan. Àwọn ìyá wa ti ń pa òfì àti kíjìpá láró tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n àdìrẹ tó gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, orí aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ti Manchester wá ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìtàn Ẹ̀gbá fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí agboolé Jójọlá ní Kẹ́mta. Ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 gbé aṣọ funfun wá, ó sì gbé àdìrẹ lọ. Páànù tí wọ́n gé ní bátànì láti fi tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀, láti inú àpótí tíì òyìnbó ni wọ́n ti yọ ọ́. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọyọ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935, àwọn aláró gbé àwòrán òun àti ayaba sára aṣọ, wọ́n pè é ní Ọlọ́ba. Oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gà wá ń ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta kó lọ sí ìlú wọn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, Màmá Aláró ni gbogbo agboolé ń pè é, ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ nígbà tí a wà ní kékeré. Ẹ̀kọ láfún tó ti fi álọ́ọ̀mù sí ló máa ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ sára aṣọ, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, láìwo àpẹẹrẹ kankan. Á sá a gbẹ, á rì í bọ aró, á fà á sókè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bó bá ti ń jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ojú wa báyìí ló ṣe máa ń di búlúù. Á tún rì í. Èékánná rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ aró títí ó fi papòdà. Màmá kò hun aṣọ, kò gbin òwú, aṣọ tó ń lò kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èrè wà, nítorí aṣọ funfun kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀ àyàfi bí bátànì àti aró bá dé orí rẹ̀.

Èyí ni kókó tí mo rò pé ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń fò. Wọ́n á ní ṣé ìsọ-ayé-dọ̀kan dára àbí kò dára fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ni pé, nínú gbogbo iṣẹ́ tí ohun kan gbà kó tó dọ́wọ́ ẹni tó rà á, èwo ló wà lọ́wọ́ wa, ṣé ìyẹn ló sì ń mówó wọlé? Nígbà Manchester, ọwọ́ tiwa ni bátànì wà. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ló ń tẹ bátànì yẹn gan-an sára aṣọ ní òkè òkun, ohun tó sì kù fún wa ni ká pàtẹ kí a tà á.

Ewu náà ti ń yọjú tipẹ́. Láti 1897 ni àwọn ará Jámánì ti ń ta aró ẹ̀lú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Nígbà tí ọjà owó New York dàrú ní 1929, owó kòkó àti èkùrọ́ já wálẹ̀, àgbẹ̀ kò rówó raṣọ mọ́. Àwọn aláró ń wá ọ̀nà àtidín ìnáwó kù, wọ́n tẹra mọ́ sóda àti aró òyìnbó. Àwọn oníbàárà wá ń ráhùn pé aṣọ ń ya, pé ó ń ṣì. Ní 1936, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sóda àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kò gbà: wọ́n kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n gba lọ́yà, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì dìde lórí ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tí kò kàwé ló ń bá ọba jà lórí kẹ́míkà láti ilẹ̀ Yúróòpù, nítorí oúnjẹ ọmọ wọn wà níbẹ̀.

Ti àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá dùn mí ju ti àdìrẹ lọ. Kàdúná ní tirẹ̀ láti 1957. Ìkẹjà, Ìsọlọ̀ àti Adó-Èkìtì náà ní tiwọn. Ní nǹkan bí 1985, ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà ní Nàìjíríà lé ní 100, ìjọba nìkan ló sì gba òṣìṣẹ́ jù wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti kógbá wọlé. Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru Ṣáínà. Iná mànàmáná kò sí, epo tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ wọ́n, náírà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là dọ́gba kí 1986 tó dé já lulẹ̀ lọ́dún náà, ẹ̀rọ àti kẹ́míkà tó ń ti òkè òkun wá sì di ohun tí apá kò ká. Fàyàwọ́ ló wá jẹ ìyókù. Òfin Nàìjíríà kò gba kí wọ́n kó òkìríkà wọlé, ṣùgbọ́n èbúté Kùtọnu kò jìnnà, ta ni kò sì mọ bòsíkọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ tó wà ní òdì kejì náà. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń fi owó péréte wọ ọmọ láṣọ lọ́jọ́ ọdún jèrè ìsọ-ayé-dọ̀kan. Àwa náà jèrè: tọwọ́ ni mo rà fún ara mi ní Ìtòkú, ṣùgbọ́n ti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ nínú ẹbí wa rà, n kò sì lè bá wọn wí. Ẹ wo Bangladesh pẹ̀lú. Ní 1979, ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, Desh, rán òṣìṣẹ́ tó lé ní 120 lọ sí Busan ní Kòríà láti kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Daewoo. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn dá tiwọn sílẹ̀. Lónìí, aṣọ ló ń mú èyí tó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó tí Bangladesh ń rí lórí ọjà tó ń tà sílẹ̀ òkèèrè, ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin ló sì fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra aṣọ yẹn ló ń dá iye lé e, bó bá sì ṣe ń dín owó kù, inú ààbò òṣìṣẹ́ ni ìdínkù náà ń bọ́ sí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 2013, ilé alájà mẹ́jọ Rana Plaza wó lu àwọn òṣìṣẹ́ nítòsí Dhaka. Èèyàn tó kú lé ní 1,100. Wọ́n ti rí i lọ́jọ́ tó ṣáájú pé ògiri ti sán.

Ọmọbìnrin kan tí mo mọ̀ ní Òṣogbo ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ báyìí. Fóònù ló fi ń pàtẹ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wà ní Houston, wọn kì í sì í bá a nájà bíi tiwa. Ó máa ń ya fídíò bó ṣe ń fi ìyẹ́ kọ ọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọwọ́ ló ṣe é. Aṣọ funfun rẹ̀ ṣì ń ti òkè òkun wá, sóda àti aró rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí náírà já ní 2023, owó tó fi ń ra sóda ju ìlọ́po méjì lọ kí ọdún tó parí, ó sì dá iṣẹ́ dúró fún oṣù méjì. Ó ti wá gbin ẹ̀lú sẹ́yìn ilé wọn. Mo kà á, igi mẹ́rìnlá ni. Ó ní kò tíì lè pa aṣọ kan láró.