Ojú tó mọ́ lè ní egbò nínú

"Dókítà, mo ti ń ríran dáadáa, mo ti dá oògùn dúró." Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tí kòkòrò toxoplasma dá egbò sí ẹ̀yìn ojú wọn, ó sì máa ń bà mí lẹ́rù.

Inú ìgbẹ́ ológbò ni kòkòrò yìí ti ń jáde. A lè kó o nínú ẹran tí kò jinná, omi tí kò mọ́, tàbí ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa. Ẹlòmíì ti kó o láti inú oyún. Bó bá dé rẹ́tínà, awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn ẹyinjú tí a fi ń ríran, egbò ló ń dá sí i. Omi kíki tó kún inú ẹyinjú á rú, aláìsàn á máa rí ìkùukùu àti nǹkan dúdú tó ń fò kiri bí ẹ̀fọn. Bí oògùn bá ti ń ṣiṣẹ́, ìkùukùu yẹn lè ká kí egbò náà tó jinná. Kì í sì sábà dunni púpọ̀.

Èyí tó burú jù ni ká ra oògùn ojú tó ní steroid ní kẹ́míìsì. Ojú tó pọ́n á rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí kò bá sí oògùn tó ń bá kòkòrò jà pẹ̀lú rẹ̀, egbò á máa gbòòrò lábẹ́lẹ̀.

Àwòrán la fi ń mọ òótọ́. A ó kán oògùn sójú yín kí ọmọlójú lè fẹ̀ (ẹ má fúnra yín wa ọkọ̀ lọ sílé), a ó sì fi kámẹ́rà ya ẹ̀yìn ojú. Egbò tuntun máa ń funfun bí òwú, etí rẹ̀ kì í hàn ketekete. Bó bá ń jinná, etí á hàn gbangba, dúdú á yí i ká. Ẹ̀rọ OCT, tó jáde ní 1991, ń fi ìmọ́lẹ̀ wo rẹ́tínà ní ìpele ìpele, bí ẹni gé búrẹ́dì wo inú rẹ̀. Ó ń rí omi tó sá sábẹ́ rẹ́tínà, tí kámẹ́rà lè má rí. Kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray. Aláboyún lè ṣe é.

Àwòrán kan ṣoṣo kò tó, torí ti àkọ́kọ́ la fi ń wọn ìyókù. Ìtọ́jú sábà máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ 6. Mo mọ̀ pé àpò ara yín lẹ ti ń sanwó. Bí owó kò bá ká a, ẹ jẹ́ ká ya ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, ó kéré tán. Ẹ má fi ti ìparí ṣeré o, nítorí oògùn wa kì í pa kòkòrò náà tán. Ó máa ń sápamọ́ sí etí àpá, egbò tuntun sì lè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Dókítà tó bá ní àwòrán àtijọ́ lọ́wọ́ á tètè dá a mọ̀.

Ẹ gba fáìlì àwòrán náà gan-an sórí fóònù yín. Ẹ má kàn ya fọ́tò ìwé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kì í hàn dáadáa. Kí wọ́n kọ déètì sí i, kí wọ́n sì kọ bóyá ojú ọ̀tún ni tàbí tòsì.