Ẹ̀san nítorí ẹbí nínú ìtàn àròsọ

Ẹ̀san nítorí ẹbí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kókó tó ti pẹ́ jù lọ nínú lítíréṣọ̀ àgbáyé. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti pa ẹnì kan, tí gbogbo ará ilé sì wá ń wo ojú ẹnì kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ ọmọ, àbúrò tàbí àna, pé òun ni yóò gba ẹ̀san. Ìgbàgbọ́ ló máa ń mú ọ̀rọ̀ náà díjú. Ẹ̀sìn lè pàṣẹ ẹ̀san, ó lè kà á léèwọ̀, ó sì lè ṣe méjèèjì pọ̀. Nínú èyí tó jinlẹ̀ jù nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, kì í ṣe ìbínú ló ń ti ẹni tó ń gbẹ̀san, bí kò ṣe ẹrù tí àwọn ẹlòmíràn gbé kà á lórí.

Ìpìlẹ̀ nínú òfin àti ìwé mímọ́

Níbi tí kò ti sí ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ tó lágbára, ẹbí ló máa ń jà fún òkú. Ìwé Númérì orí 35 gbà pé ìbátan òkú lè pa apànìyàn, ṣùgbọ́n ó ya ìlú ààbò mẹ́fà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ṣèèṣì pànìyàn. Kùránì (2:178) fàyè gba ẹ̀san, síbẹ̀ ó fi ọ̀nà ìdáríjì àti owó gbà-má-bínú sílẹ̀ fún àwọn ará òkú. Nínú Róòmù 12:19, Pọ́ọ̀lù ní kí onígbàgbọ́ má gbẹ̀san ara rẹ̀, nítorí ti Olúwa ni ẹ̀san. Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù níbẹ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé kò jẹ́ kó sùn: bí ẹ̀san bá jẹ́ ti Ọlọ́run, ọwọ́ ta ni Ọlọ́run yóò fi gbà á?

Gíríìsì àtijọ́

Oresteia, eré mẹ́ta tí Aeschylus gbé jáde ní Athens ní ọdún 458 ṣáájú ìbí Kristi, ni àpẹẹrẹ àtijọ́ tí wọ́n ń tọ́ka sí jù. Agamemnon, ọba inú eré náà, fi ọmọbìnrin rẹ̀ rúbọ kí afẹ́fẹ́ lè gbé ọkọ̀ ogun rẹ̀ lọ sí Troy. Nígbà tó padà dé, ìyàwó rẹ̀ Clytemnestra pa á. Orestes ọmọ wọn pa ìyá rẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀, òrìṣà Apollo ló sì pàṣẹ fún un. Àwọn Erinyes, ẹ̀mí olùgbẹ̀san, wá ń lépa rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ìyá. Athena, òrìṣà obìnrin, gbé ìgbìmọ̀ adájọ́ kalẹ̀, ìbò dọ́gba, Orestes sì lọ lómìnira. Sophocles àti Euripides náà kọ eré lórí ìdílé yìí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pè ní Electra.

Àwọn ságà ilẹ̀ Íslándì

Kò sí ibi tí kókó yìí ti fẹjú tó inú àwọn ságà ìdílé ilẹ̀ Íslándì, ìyẹn àwọn ìtàn gígùn àtijọ́ nípa ìdílé. Ọ̀rúndún 13 ni wọ́n kọ púpọ̀ nínú wọn, lórí ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀rúndún 10 àti 11. Ilẹ̀ náà kò ní ọba nígbà náà, kò ní ọmọ ogun, kò sì ní ọlọ́pàá. Ìpàdé ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní Alþingi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 930, ló ń dájọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jàre ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Ará òkú lè gba owó gbà-má-bínú, ó lè pẹjọ́, ó sì lè pa ẹnì kan. Kò fi dandan jẹ́ apànìyàn gan-an ni yóò pa. Ìbátan rẹ̀ kan tó níyì ju òun lọ lè kú dípò rẹ̀. William Ian Miller, onímọ̀ òfin, ṣàlàyé ètò yìí ní kíkún nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1990. Ó fi hàn pé ìjà àjogúnbá ní òfin àti ìṣirò tirẹ̀, kì í ṣe ìwà ẹhànnà lásán.

Njáls saga ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1280, a kò sì mọ òǹkọ̀wé rẹ̀. Láàárín ìwé náà ni ilẹ̀ Íslándì ti gba ẹ̀sìn Kristi, ní nǹkan bí ọdún 1000. Ẹni tó bá rò pé ìpànìyàn yóò dín kù lẹ́yìn èyí yóò já kulẹ̀, torí ẹ̀yìn ìgbà náà gan-an ni èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ Njáll, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé náà, pa Höskuldur, ọmọ tí bàbá wọn gbà tọ́, níbi tó ti ń fúnrúgbìn lóko. Kó tó kú, ó bẹ Ọlọ́run pé kó ran òun lọ́wọ́, kó sì dárí jì wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ Hildigunnur fi aṣọ ìlékè rẹ̀ nu gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà, ó ká a, ó fi í sínú àpótí. Nígbà tí Flosi, arákùnrin bàbá Hildigunnur, wá kí i, obìnrin náà da aṣọ náà bò ó léjìká, ẹ̀jẹ̀ dídì sì ń já bọ́ lára rẹ̀. Flosi fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ náà ta Höskuldur lọ́rẹ. Orúkọ Kristi ni obìnrin yìí fi bẹ̀ ẹ́ pé kó gbẹ̀san. Ságà náà sọ pé ojú Flosi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ṣá bíi koríko, ó sì dúdú bí ikú. Lójú ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yìí, kò sí ibòmíràn tí ẹbí, ìgbàgbọ́ àti ẹ̀san ti pàdé lórí aṣọ kan ṣoṣo báyìí.

Wọ́n gbìyànjú láti parí ọ̀rọ̀ náà ní Alþingi. Owó fàdákà ti pé nílẹ̀ kí aṣọ sílíkì kan tí Njáll fi lé e tó di èébú, tí ìjà sì tún bẹ́. Flosi kó èèyàn jọ, wọ́n dáná sun ilé Njáll. Kó tó ṣe é, ó jẹ́wọ́ pé ẹrù ńlá ni ohun tí àwọn fẹ́ ṣe níwájú Ọlọ́run, nítorí pé Kristẹni ni àwọn. Nínú ilé, Njáll ń sọ fún àwọn tirẹ̀ pé aláàánú ni Ọlọ́run, kò ní jẹ́ kí wọ́n jóná láyé kí wọ́n tún jóná lọ́run. Wọ́n ní kí Bergþóra, ìyàwó rẹ̀, jáde, ó kọ̀. Ó ní èwe ni wọ́n ti fi òun fún Njáll, òun sì ti ṣèlérí pé ohun tó bá ṣe é yóò ṣe òun.

Ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn nínú ìwé yìí, tó kúrú, ni àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lé lórí. Ámundi jẹ́ afọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ Lýtingur tó pa bàbá rẹ̀, Lýtingur kò fún un ní kọ́bọ̀. Bó ṣe ń jáde, ojú rẹ̀ là. Ó yin Olúwa pé òun ti rí ohun tí Olúwa fẹ́, ó sáré wọlé, ó la àáké mọ́ Lýtingur lórí, ó jáde, ojú rẹ̀ sì tún fọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Àwọn kan rí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. Ó jọ pé àwọn mìíràn rí òǹkọ̀wé tó mọ̀ọ́mọ̀ fi òfin àtijọ́ wọ aṣọ ẹ̀sìn tuntun.

Kári, àna Njáll, nìkan ló bọ́ nínú iná náà lára àwọn tó ń jà, ó sì dọdẹ àwọn tó dáná sunlé fún ọdún púpọ̀. Níkẹyìn, òun àti Flosi lọ sí Róòmù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Ọkọ̀ Kári rì nígbà tó ń padà bọ̀, ó sì rìn nínú ìjì lọ sí ilé Flosi. Flosi dìde, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, wọ́n parí ìjà. Kári sì fẹ́ Hildigunnur.

Eré orí ìtàgé

Hamlet, tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1600, mú ìbéèrè ẹ̀sìn wọ inú ọkàn olùgbẹ̀san fúnra rẹ̀. Hamlet bá Claudius níbi tó ti ń gbàdúrà, ó fa idà yọ, ó sì dá a padà, kí ẹni tó pa bàbá òun má bàa kú sínú àdúrà kó lọ sọ́run. Ìgbàgbọ́ ló dá a dúró níbí, àmọ́ kì í ṣe àánú. Laertes, tí Hamlet pa bàbá tirẹ̀, ní òun yóò gé ọ̀fun Hamlet nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìwé ìtàn ayé òde òní

Nínú Colomba (1840), Prosper Mérimée kọ nípa ọmọbìnrin erékùṣù Corsica kan tí kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ogun dé sinmi lórí ikú bàbá wọn. Ẹ̀ka rẹ̀ kan náà ni Hildigunnur: obìnrin kò gbé ìbọn, ṣùgbọ́n òun ló ń tọ́jú ìrántí. Alessandro Manzoni gba ọ̀nà mìíràn nínú I promessi sposi. Fra Cristoforo pa èèyàn nígbà èwe, ó di ẹlẹ́sìn, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n òkú àti gbogbo ìdílé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún un ní oúnjẹ, búrẹ́dì ìdáríjì nìkan ló gbà, ó sì tọ́jú èyí tó kù nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Gabriel García Márquez, nínú Crónica de una muerte anunciada (1981), kọ nípa ìbejì Vicario tí wọ́n pa Santiago Nasar nítorí iyì àbúrò wọn obìnrin. Wọ́n sọ ète wọn fún gbogbo ìlú, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò dá wọn dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ara wọn lé àlùfáà lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi níwájú Ọlọ́run àti èèyàn.

Ismail Kadare, ọmọ Albáníà, tẹ Prilli i thyer jáde ní 1980. Kanun, òfin àtẹnudẹ́nu àwọn ará òkè àríwá ilẹ̀ náà, ló gbé ìtàn ró. Shtjefën Gjeçov, àlùfáà Fransisíkánì, ló kó òfin náà jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1933, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Gjorg pa ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gba ọgbọ̀n ọjọ́ kí ìdílé kejì tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ rẹ̀. Ó ní láti dojú òkú sókè, kó gbé ìbọn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, kó lọ síbi oúnjẹ ìsìnkú rẹ̀, kó sì san owó orí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ti so kọ́ sílé. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀wù náà di àwọ̀ ìyeyè, wọ́n gbà pé òkú náà ti ń kánjú. Ní 2001, Walter Salles fi ìwé yìí ṣe fíìmù Abril Despedaçado, ó sì gbé ìtàn náà lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ ní Brazil ní ọdún 1910.