Kí Ẹ Tó Fi Sìmẹ́ǹtì Rẹ́ Ilé Baba Yín

Bí ẹbí bá ti dá ọjọ́ ìsìnkú, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé baba, kí wọ́n kùn ún, kí ojú má ti àwọn lójú àlejò. Bó ṣe rí nìyẹn ní ilẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbbà dé Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ò kúkú jìnnà sí wa, Ọbajànà tí wọ́n ti ń ṣe é ló wà nítòsí yìí. Ṣùgbọ́n ilé amọ̀ tó ti fara da òjò láti ayé baba ńlá, irú iṣẹ́ kánjúkánjú ọ̀sẹ̀ méjì yìí ló sábà máa ń bà á jẹ́.

Ẹ wá ilé amọ̀ kan tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ láti bí ọdún mélòó kan. Ẹ fi ìka kan ògiri rẹ̀, láti ibi orúnkún wá sísàlẹ̀. Yóò dún bí igbá òfìfo, torí pé sìmẹ́ǹtì ti ya kúrò lára amọ̀. Bí ẹ bá ṣí i wò, ẹ ó rí i pé amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ̀, ó ń ya bọ́ lọ́wọ́, ikán sì ti gba àlàfo náà gòkè lọ sídìí igi òrùlé láì sí ẹni tó rí wọn.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi díẹ̀ láti inú ilẹ̀, ó máa ń gbà díẹ̀ lára òjò, oòrùn àti atẹ́gùn á sì gbà á padà lára rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ló dí ọ̀nà tí omi yẹn ń gbà jáde. Yàtọ̀ sí ìyẹn, amọ̀ a máa wú bó bá rin, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a wú, kì í bá a sún kì, bó ṣe máa sán nìyẹn. Òjò á gba ojú sísán yẹn wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Àwọn bíríkìlà mìíràn máa ń kan wáyà adìẹ mọ́ ògiri kí sìmẹ́ǹtì má baà já bọ́. Wáyà yẹn ò wo nǹkan kan sàn. Ó kàn ń gbé sìmẹ́ǹtì dúró kí a má tètè rí ohun tó ń jẹrà lẹ́yìn rẹ̀ ni, ìṣó tí wọ́n fi kàn án sì ti la ògiri.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí. Àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dúró ti ilé náà nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń kán sí, ibi tó ń ta omi dé lára ògiri, àti ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà wá. Nígbà tí ilé wà lábẹ́ koríko, etí òrùlé máa ń yọ síta dáadáa. Nígbà tí páànù dé, ọ̀pọ̀ gé e kúrú kí páànù lè tó. Ó yẹ kó yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3. Bí kò bá tó, ẹ so igi mọ́ igi òrùlé, kí ẹ fi páànù kún un. Owó ibẹ̀ yóò ṣe ilé láǹfààní ju owó ìrẹ́ lọ.

Ojú ọ̀nà náà ń dá kún un. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da ilẹ̀ sójú títì tàbí tí wọ́n bá dá ọ̀dà, títì á ga sí i, ilé àtijọ́ á sì dà bí ẹni pé ó rì. Bí ilẹ̀ ìta bá ti ga bá ilẹ̀ inú yàrá, ẹsẹ̀ ògiri ti wà nínú omi nìyẹn. Ẹ wa ilẹ̀ náà kúrò títí yóò fi fi bí ínǹṣì 6 rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ yàrá. Kí ó da gẹ̀rẹ́ kúrò lára ilé, ínǹṣì 2 ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹ wá la gọ́tà síbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń kán sí, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Òkúta ò kúkú wọ́n wa ní ilẹ̀ Okun. Ẹ má ṣe da kọnkéré mọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Omi tó bá wà lábẹ́ kọnkéré, inú ògiri ló máa gbà gòkè.

Ibi tí omi bá ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri wọnú, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kọ́ ni ká fi dí i, nítorí kì í lẹ̀ mọ́ amọ̀. Amọ̀ tútù pàápàá ò dára: bó bá gbẹ, á sún kì, á fi àlàfo sílẹ̀ lókè, ògiri á sì dà bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀. Amọ̀ tó já bọ́ lára ilé yẹn gan-an, tàbí ti àlàpà tó wà nínú agbo ilé, ni kí ẹ rẹ sómi, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ṣe bíríkì. Ẹ gbé bíríkì náà síbi òjìji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ máa yí i padà. Ẹ fi òpó gbé òrùlé dúró kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri. Ẹ gé ibi tó jẹrà dé ibi tó le, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ wá fi amọ̀ to bíríkì. Ìlà tó kẹ́yìn lókè ni iṣẹ́ wà: ẹ fi àfọ́kù òkúta gbá a mọ́lẹ̀ dáadáa kó lè gbé ẹrù. Ẹ má ṣe ju ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fo ẹsẹ̀ bàtà 3 kí ẹ tó gé òmíràn, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni kí ẹ padà sí èyí tí ẹ fò. Ẹni tó bá gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń wó ilé ni.

Ní ti ìrẹ́, amọ̀ ni ká fi rẹ́ amọ̀. Ẹ bu amọ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò kan, ẹ fi omi àti iyọ̀ díẹ̀ kún un, ẹ mì ín, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ lẹ́búlẹ́bú á wà lókè. Ẹ óò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ wá po oríṣi mẹ́ta: amọ̀ bárò 1 sí yanrìn bárò 1, sí bárò 2, àti sí bárò 3, kí ẹ fi koríko bẹẹrẹ tàbí pòròpórò ìrẹsì ìdajì bárò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ gé bí ínǹṣì 1. Ẹ rẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú wọn sára ògiri, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóòró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó bá sán, yanrìn rẹ̀ kò tó. Èyí tó bá ń kù bí eruku tí ẹ bá fọwọ́ pa á, amọ̀ rẹ̀ ni kò tó. Èyí tó bá dúró ni kí ẹ pò púpọ̀, kí ẹ rẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì títí yóò fi máa rùn. Òórùn yẹn dára. Koríko ló ń jẹrà tó ń mú kí amọ̀ fà.

Ìpele àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ínǹṣì 1 lọ, èkejì kò gbọdọ̀ tó ìdajì ínǹṣì. Ìparí oṣù kẹwàá ló dára jù, kí ọyẹ́ tó le. Bí ọyẹ́ bá bá yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi àpò tútù bo ògiri. Bó bá gbẹ tán, ẹ rẹ èèpo èso igbá, igi tí à ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú, fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sè é títí yóò fi dúdú, kí ẹ fi omi rẹ̀ pa ògiri lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Òjò kì í tètè ṣí i. Ẹ̀gbẹ́ tí òjò ti ń fẹ́ wá á máa fẹ́ àtúnṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Mọ́ṣáláṣí Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali, tí wọ́n tún kọ́ ní 1907, amọ̀ ni wọ́n ń rẹ́ ẹ lọ́dọọdún títí di òní, gbogbo ìlú ló sì ń jáde.

Bí ògiri bá lanu, ẹ fi pẹ́ńsù ṣàmì sí ìparí ojú sísán náà lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀, kí ẹ wò ó la òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan já. Èyí tó wà níbi tí wọ́n ti so yàrá tuntun mọ́ ilé kì í sábà léwu. Èyí tó dá bùú láti igun fèrèsé wá sílẹ̀ ń sọ pé ẹsẹ̀ ògiri ń rì. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí ògiri. Bí ògiri tó nípọn ínǹṣì 18 bá ti yọ síta tó ínǹṣì 3, kí ẹnikẹ́ni má sùn níbẹ̀ mọ́ títí ẹnjiníà yóò fi wò ó.

Ilé tí a ò gbé kì í pẹ́ di àlàpà, nítorí náà ó yẹ kí ilé ní iná àti balùwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ balùwẹ̀ lọ́tọ̀, kó fi ẹsẹ̀ bàtà 4 jìnnà sí ògiri amọ̀. Páìpù kan tó ń kán tó láti tú igun ilé ká láàrín òjò kan.

Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ẹ sìnkú, ẹ fi ògiri sílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ páànù tó lu, ẹ la gọ́tà, ẹ wa ilẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri, ẹ fi amọ̀ kíkúnná tó ṣàn pa ojú ilé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kun ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Owó sìmẹ́ǹtì tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi pamọ́ de oṣù kẹwàá.