Pedal Tó Ń Gbe Orin àti Ìlù Tó Ń Sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ olórin ti mọ reverb (tó ń mú kí ohùn dún bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá ni a wà) àti delay (tó ń tún ohùn dún bíi gbohùngbohùn) dunjú, nítorí náà àlàyé yìí kò ní í dúró lórí wọn. Èyí tó yẹ ká yẹ̀ wò fínnífínní ni pedal tó ń gbe orin, tí olórin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo lè di ohùn ènìyàn mẹ́ta láìsí elégbè kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣìṣe tó gbilẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yìí dá ohùn olórin mọ̀ yàtọ̀ sí ìró mìíràn. Kò dá a mọ̀ rárá. Iye ìgbà tí ìró tó gba máìkì wọlé ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń kà. Bí ó bá ka 220, tí a sì ti ní kí ó gbe ohùn karùn-ún lókè (bíi láti dò dé sò), yóò fi ìró tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 330 kún un. Ìṣirò náà já fáfá, ṣùgbọ́n ìró kan ṣoṣo ni a ṣe é fún. Níbi tí onídùndún bá ti dúró ti olórin, bí a ti ń rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, máìkì kan náà ni ìlù ń bá wọlé. Bí onílù sì ṣe ń fún ọṣán ni ohùn dùndún ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Pedal kò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé nínú méjèèjì, ègbè rẹ̀ á wá máa fò káàkiri lójijì, àwọn tó ń gbọ́ á sì rò pé olórin ló ń ṣi orin kọ.

Ọ̀dọ̀ máìkì ni àtúnṣe wà. Bí olórin bá sún ẹnu mọ́ ọn láti sẹ̀ǹtímítà 20 sí 10, agbára ohùn rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ti ìlù kò sì ní yí padà. Máìkì orí ìtàgé sábà máa ń gbọ́ iwájú rẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu olórin ni iwájú náà kọjú sí, èyí tó túmọ̀ sí pé onílù tó bá dúró sẹ́yìn olórin ti bọ́ sí ibi tí máìkì ti ń gbọ́ràn jù. Ó sàn kí ó dúró níwájú olórin, lẹ́yìn máìkì, kí ó kọjú sí olórin.

Bí onílù bá wá gba ọ̀rọ̀, tó ń ki ènìyàn, ńṣe ni kí olórin fi ẹsẹ̀ pa pedal, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbe oríkì. Ìdí nìyí tó fi bọ́gbọ́n mu pé abẹ́ ẹsẹ̀ olórin ni a gbé e sí, nítorí pé ẹni tó wà nídìí míksà lọ́ọ̀ọ́kán kò lè mọ ìgbà tí olórin fẹ́ yọ̀ǹda ọ̀rọ̀ fún onílù.