Ìjábàálùgbà: kí ẹ tó tún pè é ní ìjínigbé

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bá tún pe háíjáàkì, kí wọ́n fipá gba bàálù mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́, ní "ìjínigbé bàálù" lórí rédíò n'Ìbàdàn níbí, inú mi ò ní dùn sí i rárá. Ẹni tí wọ́n jí gbé, inú igbó ni wọ́n ń mú un lọ, wọ́n á máa dúnàádúrà owó lórí rẹ̀. Bàálù wo ni wọ́n fi pamọ́ sínú igbó rí? Àwọn kan ní "ìfipágbàkọ̀ òfuurufú". Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ kí ẹ tó pè é tán, bàálù ti balẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa sì ń kọ "háíjáàkì", àfi bí ẹni pé a ò mọ ohun tí à ń sọ nígbà tí wọ́n bá já ọ̀kadà gbà mọ́ ọlọ́kadà lọ́wọ́. Ìjábàálùgbà ni tèmi.

Ohun tí mò ń jà fún ni pé sítíárì ni wọ́n ń gbà. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹwàá 1993, ọ̀dọ́kùnrin 4 já bàálù Nigeria Airways tó ń ti Èkó lọ Àbújá gbà, wọ́n mú un balẹ̀ sí Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger. Ọ̀rọ̀ June 12 ló ń bí wọn nínú. Ẹnìkan bá mi jiyàn pé wọ́n ṣáà dá èrò dúró. Òótọ́ ni, àmọ́ ọwọ́ wọn ti kọ́kọ́ ká awakọ̀ ná.

Ẹ wo takisí Micra tó ń ti Challenge lọ Ìwó Road. Èrò 2 há mọ́ra níwájú, orúnkún ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan jíà. Ká ní wọ́n tú àpò gbogbo èrò wò ní gáréèjì, ọ̀bẹ á dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí jíà yẹn ò nílò ọ̀bẹ kó tó fa sítíárì mọ́ dírẹ́bà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá wá fi irin dí àárín dírẹ́bà àti èrò, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ yí padà.

Àyẹ̀wò tí à ń gbà kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú Alákíá, tí bẹ́líìtì ń kúrò nídìí, tí fóònù àti kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ sínú abọ́, títú àpò ní gáréèjì ni. Ẹni tó bá ní kò wúlò, irọ́ ló ń pa. Láàárín 1968 sí 1972, bàálù Amẹ́ríkà tí wọ́n já gbà lé ní 130, Cuba ni ọ̀pọ̀ wọn forí lé. Oṣù kìíní 1973 ni wọ́n sọ ọ́ di dandan kí wọ́n yẹ gbogbo èrò wò, ló bá rọlẹ̀. Àmọ́ oṣù kejì ọdún yẹn náà ni Cuba bá wọn ṣàdéhùn pé àwọn ò ní fàyè gba àwọn tó ń já bàálù gbà mọ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ṣe é.

Àyẹ̀wò wà lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001. Òfin ìgbà náà gba ọ̀bẹ tí kò tó ínǹṣì 4 láyè, èèyàn 19 tó já bàálù gbà l'Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà sì kọjá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá fi ilẹ̀kùn tí ọta ìbọn ò lè dá lu sí yàrá awakọ̀. Ilẹ̀kùn yẹn ju gbogbo bàtà tí wọ́n ní ká bọ́ lọ. (Torí bọ́ǹbù ni wọ́n ṣe ní ká bọ́ bàtà, mi ò ráyè ìyẹn níbí.) Ìròyìn jáde ní 2015 pé ìjọba Amẹ́ríkà dán àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn tó ń yẹ èrò wò ní pápákọ̀ wò nígbà 70, ìgbà 67 ni wọn ò rí ohun tí wọ́n gbé pamọ́. Síbẹ̀, jíjá bàálù gbà ò tún pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn ni, àti èrò tí kì í jókòó wo àwọn ajábàálùgbà mọ́.

Ilẹ̀kùn náà ní àléébù. Oṣù kẹta 2015, igbákejì awakọ̀ Germanwings, iléeṣẹ́ bàálù Jámánì kan, ti ọ̀gá rẹ̀ mọ́ta, ó fi bàálù sọ òkè nílẹ̀ Faransé, èèyàn 150 kú. Dírẹ́bà ló já a gbà fúnra rẹ̀, kò sì sí àpò tí wọn ì bá tú tí wọ́n á fi rí i. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù wá ní ẹni 2 gbọ́dọ̀ máa wà nínú yàrá yẹn nígbà gbogbo. Àwọn ti Jámánì pa á tì ní 2017, mi ò sì bá wọn wí: gbogbo ìgbà tí ẹnì kejì bá ń wọlé, ilẹ̀kùn ń ṣí nìyẹn.