Kì í ṣe gbogbo ewéko tó tòkè òkun wá ló ń gba ilẹ̀ onílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí wọ́n bá ti dárúkọ èpò àjèjì, ẹnìkan á ní ohun tó bá tòkè òkun wá ló ń ba ilẹ̀ wa jẹ́, pé èyí tí àwọn bàbá wa ń lò kò lè pa wá lára. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó ti wá. Ta ló fẹ́ ká hú wọn dànù?

Ibi tí wọ́n ti ń takú jù ni ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Bí àdá bá ṣá èèyàn lóko, òun la máa ń ra, tí a ó fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Wọ́n wá ní ewé ìbílẹ̀ ni. Rárá o. Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Àwọn onímọ̀ ní àárín irúgbìn igi Gmelina ló bá wọ Nàìjíríà ní 1937.

Ẹ wo ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ẹ̀gẹ́. Ẹ pa oko ẹ̀gẹ́ tì fún ọdún díẹ̀, igbó á bò ó mọ́lẹ̀. Ewé Akíntọ́lá sì wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ gorí ilẹ̀ náà. Irúgbìn rẹ̀ tín-ín-rín, ó nírun lórí, afẹ́fẹ́ ń gbé e, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ dáná sun ún, á tún rú láti ìdí. Kò dúró de ẹni tí yóò gbìn ín, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ohun tó bá níbẹ̀ rójú hù. Ohun tó yẹ ká máa wò nìyẹn.

Àdéhùn àgbáyé ti 1992 lórí ohun abẹ̀mí pàápàá, ní abala 8(h), àjèjì tó bá ń wu ibùgbé àwọn ohun abẹ̀mí mìíràn léwu nìkan ló ní ká dènà tàbí ká kápá.

Síbẹ̀, mi ò lè búra fún òdòdó kankan tó tòkè òkun wá. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọgbà lónìí lè tàn ká lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Torí ẹwà ni wọ́n ṣe gbé jọ́gbọ́ olódòdó yẹ́lò wá láti ìhà Mẹ́síkò. Ó ti gba etí ọ̀nà kan. Ẹwà náà ló gbé water hyacinth, ewéko tó ń léfòó lójú omi, káàkiri ayé kó tó dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja lọ́sà Èkó. Bí ẹ bá gé òdòdó, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí odò. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kó o dànù.