Ìpara Àpòpọ̀ àti Nọ́ńbà NAFDAC Tí Wọ́n Ń Nà Sí Wa

Pé bíbóra ń ba awọ ara jẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń jiyàn lé lórí mọ́ ní Àkúrẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó tún un sọ fún mi: "Àǹtí, n ò bóra o. Tóònì ni mò ń ṣe. Ògánííkì ni, ó sì ní nọ́ńbà NAFDAC."

N kò ní pẹ́ lórí ògánííkì: inú oko ni ata rodo náà ti wá, kò sì sí ẹni tó ń lọ̀ ọ́ pa ojú. Ní ti tóònì, melanin ló ń mú awọ ara wa dúdú, ìpara tó bá sì sọ ara dúdú di pupa láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti dín in kù, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ló yẹ ká fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí a ra ẹ̀fọ́ tán ní Ọjà Ọba, mo tẹ̀lé ọmọ náà dé ìsọ̀ tó ti ń rà á. Ìyá tó ń tà á bu ìpara láti inú ike ńlá kan sínú abọ́, ó tẹ túùbù méjì lé e lórí, ó da òróró mọ́ ọn, ó rò ó títí ó fi ń dán, ó sì kó o sínú ike tuntun tí wọ́n lẹ àwòrán ewé àti kárọ́ọ̀tì mọ́. Nígbà tí mo béèrè nọ́ńbà, ike ńlá àkọ́kọ́ ló nà sí mi. Lóòótọ́, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé-iṣẹ́ pò, ní ìwọ̀n tó fi pò ó, ni NAFDAC fún ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà kì í bá ìpara wọ inú abọ́ ẹlòmíràn. Òfin kò gba hydroquinone, ìyẹn kẹ́míkà kan tó ń bó ara, tó ju ìdá 2 nínú 100 lọ, ó sì ka mákúrì àti sítẹ́rọ́ìdì, tí àwọn náà ń bó ara, léèwọ̀ nínú ìpara ìṣaralóge. Ta ló ń wọn ìdá 2 nínú abọ́ yẹn? Clobetasol ni wọ́n kọ sára túùbù kan, oògùn àrùn awọ tó wà lára àwọn sítẹ́rọ́ìdì ìpara tó lágbára jù lọ. Ìyá náà ní túùbù yẹn ló ń jẹ́ kí ìpara náà tètè ṣiṣẹ́, mo sì gbà á gbọ́.

N kò lè sọ pé gbogbo ìpara àpòpọ̀ ló ní májèlé nínú. Bóyá àwọn mìíràn kò ju òrí àti àdí àgbọn lọ. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, mákúrì sì ń gba awọ ara wọlé dé kíndìnrín. Kí ẹni tó bá ti ń lo èyí tó ní sítẹ́rọ́ìdì fún oṣù mélòó kan má kàn jù ú nù lójijì láìrí dókítà, nítorí ojú lè wú, kó pọ́n, kó sì máa ta á. Ọ̀pọ̀ ló ń ka ìyà yẹn sí àmì pé ara ń béèrè ìpara náà, wọ́n a sì tún gba ìsọ̀ ọ̀hún lọ.